Wáṣà Òjé

Bámitálẹ́, má wọlé tààrà.
Tan fáànù, kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà,
kí o kà dé ọ̀ọ́dúnrún. Má sáré kà á.
Ara ògiri ìta ni a fi másíkì kọ́, kò sí nínú yàrá.
Ta ní í ti kọ́kọ́rọ́ mọ́nú ilé
kó tó wá máa wá a kiri?

Sìlíńdà mẹ́fà ló tò síbẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n,
a fi ṣéènì dè wọ́n mọ́ ògiri ní ìbàdí.
Ohun tó wà nínú wọn là ń kán sómi Iléṣà
bí iyọ̀ ọwọ́ ìyàwó tuntun, díẹ̀, díẹ̀,
kí ọmọ Ẹrẹ́jà má yàgbẹ́ gbuuru,
kí ti Ìmọ̀ má bì.
Òun kan náà ni, bó bá já,
tí í wá ẹ̀dọ̀fóró èèyàn kiri.

Èéfín iná a máa gòkè.
Gáàsì yìí kì í gòkè.
Mo máa ń rò pé Ìjẹ̀ṣà bíi tiwa ni:
òṣómàáló ayé àtijọ́,
tó gbé aṣọ fún ọ láwìn, tó padà wá gbowó.
Kò jókòó, kò dìde,
kò gba omi tí o bù fún un,
ó lóṣòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.
Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé,
níbí, má dọ̀bálẹ̀.
Wo aṣọ pupa tó ń fẹ́ lórí táńkì,
kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀,
kí o sì gba òkè lọ.

Ọ̀gá Ajílóre ló kọ́ mi níṣẹ́.
Lọ́dún tí wọn ò fún wa lówó wáṣà,
ó ní ká fi ti àná há a:
“Ẹ̀ẹ̀kan péré, Ìbírónkẹ́. Kò ní ṣe nǹkan.”
Òjé rọ̀, ṣùgbọ́n òjé kì í gbàgbé;
ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lánàá
kò bá ẹnu sìlíńdà tòní mu.

Aago méjì òru kọjá díẹ̀.
Mo gbọ́ nǹkan bí ẹni tó ń pòṣé,
tí òṣé náà kò sì tán.
Ojú ta mí. Ọ̀fun mi dì.
Ògúnsuyì ọlọ́dẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń sáré bọ̀.
Mo figbe ta: Omi kọ́! Dà á nù! Omi kọ́!
Àwa tí à ń ṣe omi fún gbogbo ìlú!
Bómi bá kan ibi tó ń jò, á di àsíìdì, á máa jẹ irin,
ihò abẹ́rẹ́ á di ihò èkúté.

A wọlé, èmi àti Ọ̀gá. Ẹnì kan kì í dá wọ ibẹ̀.
Mo fún ìgò amóníà sẹ́nu ti àkọ́kọ́: kò sí.
Ìkejì: kò sí.
Lẹ́nu ìkẹta, èéfín funfun là bẹ́ẹ̀ bí òwú.
Ọ̀gá fi sípánà ti fáálù pa.
Òṣé dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ti mí lẹ́ẹ̀mejì
kí másíkì tó dé e lójú.
Ẹ̀ẹ̀mejì péré.
Ó ṣì ń san án, nílé rẹ̀ ní Òkèsà,
ikọ́ kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́.

Ilẹ̀ mọ́, ìlú ṣí ẹ̀rọ.
Obìnrin kan wá bínú ní ọ́fíìsì
pé omi òní ń rùn bí oògùn.
Mo ní kó má bínú.

Wáṣà ọjọ́ náà nìyẹn, lára ilẹ̀kùn.
Èmi ni mo fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ,
kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò.
Tuntun wà nínú agolo mílíìkì, mẹ́rìndínlógún;
owó àpò mi ni mo fi ra mẹ́rin nínú wọn.
Kà wọ́n lójú mi, kí o buwọ́ lùwé.

Mélòó lo kà dé?
O ti gbàgbé, àbí?
Ó yá, bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan.